Oko Àwọn Ará Ítálì: Ohun Tí Ojú Lè Rí Níbẹ̀ àti Ohun Tí Ọwọ́ Lè Ṣe

Ìwé tí ó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí kò mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí a rò pé ìdáhùn rẹ̀ yóò ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ó kọ ọ́. Ọmọ wọn obìnrin ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Perugia ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì ti bí ọmọ méjì tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò tíì fi ojú rí. Ọmọ náà ní kí àwọn òbí òun wá lo ọjọ́ 10 lọ́dọ̀ àwọn, kì í sì í ṣe ìlú ńlá ni òun fẹ́ mú wọn lọ, bí kò ṣe oko. Ọ̀rọ̀ oko yìí ni kò yé Bàbá. Wọ́n ní inú oko ni wọ́n bí àwọn sí lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, oko náà ni àwọn sì sá fún tí àwọn fi wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya. Wọ́n ní kí ọmọ náà kúkú fi owó ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́, kí àwọn fi tún òrùlé ilé bàbá àwọn tí ó ń jò ṣe. Màmá ní tiwọn ní òrùlé tí ó ti ń jò láti ọdún mẹ́ta kò ní kú bí ó bá jò fún oṣù mẹ́fà sí i, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò bá tètè pọ̀n yóò dàgbà ju ẹ̀yìn lọ. Wọ́n wá ní kí àwa dá sí i.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àwa tí a ń kọ ojú ewé yìí, akọ̀wé rélùwéè lásán ni wá, a kò sì tíì fi ẹsẹ̀ wa tẹ ilẹ̀ Ítálì. Inú ìwé àti ẹnu àwọn tí ó ti lọ ni a ti kó ohun tí a ó sọ jọ. Kí ẹ gbọ́ ọ tán ná, kí a tó dá ẹjọ́.

IRÚ OKO WO NI?

Ẹ má ṣe rò pé ahéré ni ọmọ yìí ń sọ. Ilé òkúta ni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ń gbé inú wọn kò ni ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Onílẹ̀ ń gbé ìlú, àgbẹ̀ ń gbé oko, bí ìkórè bá sì dé, wọn a pín in sí méjì, onílẹ̀ a mú ìdajì. Mezzadria ni wọ́n ń pe ètò náà. Ìṣákọ́lẹ̀ tí a mọ̀ nílé kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Torino àti Milano bẹ̀rẹ̀ sí í gba òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ àgbẹ̀ ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n di ẹrù, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n lọ. Ní 1964 ìjọba ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá irú àdéhùn ìdajì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé oko ti ń ṣófo. Koríko gba ojúlé, òrùlé ń wó. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, nítorí a ó padà sórí ọ̀rọ̀ òrùlé.

Ohun tí ó jí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí dìde ni èyí tí wọ́n ń pè ní agriturismo. Àgbẹ̀ tí ó ṣì ń ro oko rẹ̀ lè tún yàrá díẹ̀ ṣe, kí ó gba àlejò sí i, kí ó sì fi ohun tí ó gbìn àti ohun tí ó sìn bọ́ wọn. Òfin kan ní 1985 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, òfin mìíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 2006. Ohun tí ó wù wá nínú òfin náà ni pé iṣẹ́ oko ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí gbígba àlejò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá pa oko tì, tí ó wá ń gba owó yàrá nìkan, kò ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, adìyẹ ni yóò jí yín, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé oúnjẹ síwájú yín.

ÀKÓKÒ TÍ Ó YẸ KÍ A LỌ

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí koríko tútù àti òdòdó, kí ó lọ ní oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni wọ́n ń kórè àlìkámà, gbogbo òkè a sì pọ́n bí ọsàn. Oṣù Kẹjọ gbóná gan-an, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó sì ń kún ibi gbogbo nígbà náà, nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù náà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ńlá fún wọn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tì.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń gé èso àjàrà. Láti oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kọkànlá ni ti ólífì, ohun tí a sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ wò nìyẹn bí ó bá lè ṣeé ṣe. Wọn a tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ igi, wọn a fi ohun èlò bí òòyà ya èso náà kúrò lórí ẹ̀ka, wọn a sì gbé e lọ sí ẹbu lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, kí ó má bàa kan. Ẹ̀rọ a lọ̀ ọ́, a fún un, epo tí ó ní àwọ̀ ewé a sì máa dà. Èso kílógírámù 100 sábà máa ń mú epo kílógírámù 10 sí 20 jáde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ dúró ní ẹbu epo pupa rí yóò mọ ayọ̀ tí ó wà ní ojú àwọn tí wọ́n dúró ti epo wọn. Epo tuntun náà a máa ta ni lọ́fun bí ata, wọn a sì dà á sórí búrẹ́dì tí wọ́n yan tí wọ́n fi aáyù ra. Kí ó má ya yín lẹ́nu pé búrẹ́dì agbègbè Toscana kò ní iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé.

OHUN TÍ Ọ̀NÀ Ọ̀FUN LÈ KỌ́

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ní ọjà níbí, ẹ mọ̀ pé ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń tà á. Ní agbègbè Parma àti Reggio Emilia, wọ́n ń ṣe wàràkàṣì kan tí ó le bí òkúta, Parmigiano Reggiano ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń mú un dì ń ti inú ikùn ọmọ màlúù wá. Wàrà tí ó tó lítà 550 ni ó ń wọ inú odidi kan ṣoṣo, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ tó kílógírámù 40. Wọn a rì í sínú omi iyọ̀, wọn a wá tò ó sórí pẹpẹ, ó sì gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 ó kéré tán kí ó tó dé ọjà. Ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò a mú òòlù kékeré, a máa gbá a káàkiri, a sì máa fi etí mọ èyí tí inú rẹ̀ là. Ọ̀pọ̀ ilé wàràkàṣì ń gba àlejò wọlé láàárọ̀, nítorí pé àárọ̀ ni wọ́n ń se wàrà.

Ní Alba ní agbègbè Piemonte, olú kan wà tí ń hù sábẹ́ ilẹ̀ nídìí igi, funfun ni, owó rẹ̀ sì ga ju ti ẹran lọ lọ́nà púpọ̀. Wọ́n ń ná ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà tí ewé bá ń wọ́. Ajá ni ó ń gbóòórùn rẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n ń lo ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ a máa tú ilẹ̀, a sì máa fẹ́ jẹ ohun tí ó rí, nítorí náà òfin 1985 ní ajá ni kí wọ́n máa lò. Àlejò lè tẹ̀ lé ọlọ́dẹ àti ajá rẹ̀ wọ igbó fún owó díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti he olú rí lẹ́yìn òjò, ẹ ó gbádùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn Mùsùlùmí inú wa: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, nígbà mìíràn kò sì hàn sójú, nítorí pé wọ́n lè fi ọ̀rá rẹ̀ dín nǹkan tàbí kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀wà. Kí ẹ sọ fún onílé kí ẹ tó dé. Àgbẹ̀ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í bínú, yóò se ẹ̀wà, ewébẹ̀, ẹyin àti adìyẹ. Wọ́n ń gbé ọtí wáìnì sórí tábìlì bí a ti ń gbé omi, ṣùgbọ́n wọn kì í fi dandan mú ẹnikẹ́ni mu ún.

ÀWỌN ÌLÚ KÉÉKÈÈKÉ TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ

Láti Perugia, ibi tí ọmọ yìí wà, adágún omi ńlá kan kò jìnnà, Trasimeno ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn lọ sí erékùṣù inú rẹ̀. Etí omi yìí ni Hannibal, ọ̀gágun ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Róòmù ní ọdún 217 kí a tó bí Jésù. Kí ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ-ọmọ yín nígbà tí ẹ bá jókòó sí etí omi náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ Áfíríkà ti tẹ ibẹ̀ tipẹ́.

Ní Siena, ìdíje ẹṣin wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ. Palio ni wọ́n ń pè é. Àdúgbò 17 ni ó wà ní ìlú náà, 10 ni ó sì ń gbé ẹṣin jáde lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í fi gàárì sí ẹ̀yìn ẹṣin. Ìyípo mẹ́ta ni wọ́n ń sá ní gbàgede ìlú, kì í sì í ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Bí ẹlẹ́ṣin bá ṣubú, tí ẹṣin rẹ̀ nìkan ṣoṣo sì dé iwájú, àdúgbò rẹ̀ ni ó borí. Olúkúlùkù àdúgbò ni ó ní àsíá, ilé ìjọsìn àti omi ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀ kì í sì í kúrò nínú rẹ̀ títí ikú. Àwa tí a mọ bí ọmọ adúgbò kan ti ń bá èkejì ṣe fáàrí nígbà ọdún, kì yóò jọ wá lójú pé wọ́n ń sunkún bí wọ́n bá pàdánù.

Ní San Gimignano, ilé ìṣọ́ gíga 72 ni wọ́n sọ pé àwọn ọlọ́rọ̀ kọ́ nígbà kan rí, olúkúlùkù fẹ́ kí tirẹ̀ ga ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Lónìí, 14 ni ó kù. A fi èyí sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí abúlé tí wọn kò gbé.

Àmọ́ ìlú tí a fẹ́ kí Bàbá wa dé jù lọ ni Pienza, ní àfonífojì Val d'Orcia, níbi tí igi sípírẹ́sì tẹ́ẹ́rẹ́ ti tò lọ sí òkè bí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Láyé àtijọ́, Corsignano ni orúkọ rẹ̀, abúlé tí kò ní láárí ni. Ní 1405 wọ́n bí ọmọ kan síbẹ̀, Enea Silvio Piccolomini. Ọmọ náà kúrò nílé, ó kàwé, ó rìn ká ilẹ̀ Yúróòpù, ó ṣe akọ̀wé fún àwọn ẹni ńlá, nígbà tí ó sì di 1458 wọ́n fi í jẹ Póòpù, ó di Pius Kejì. Ní ọdún kejì ó padà kọjá ní abúlé rẹ̀, ó rí i bí ó ti di ahoro. Ó ránṣẹ́ pe ayàwòrán-ilé kan, Bernardo Rossellino, ó ní kí ó tún ibẹ̀ kọ́, bẹ̀rẹ̀ láti 1459. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé ìjọsìn dúró, ààfin dúró, gbàgede dúró, wọ́n sì fi orúkọ Póòpù náà sọ ìlú ní Pienza. Ó kú ní 1464. Ìlú náà ṣì wà títí di òní, wọ́n ń ta wàràkàṣì àgùntàn ní àwọn òpópó rẹ̀, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 1996.

Nísinsìnyí a lè dá ẹjọ́ tí wọ́n gbé síwájú wa. Bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ. Owó tí ọmọ yà sọ́tọ̀ kí ó lè rí ojú òbí rẹ̀, bí a bá ní kí ó fi ra páànù, ó lè fi ránṣẹ́ nítorí ìtẹríba, ṣùgbọ́n nǹkan kan yóò já nínú rẹ̀. Ẹ lọ gbé ọmọ-ọmọ yín, kí Màmá pọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ dúró ní gbàgede Pienza, kí ẹ sọ fún un ohun tí abúlé náà jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ òrùlé bàbá yín níbẹ̀. Yóò gbọ́ ọ ju bí ó ti lè gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù lọ.

Fún ẹni tí ó bá tún ní agbára láti lọ síwájú sí i, Civita di Bagnoregio wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, lórí òkè kan tí ẹ̀bá rẹ̀ ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí amọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ mímì 1695 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò níbẹ̀. Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni a ń gbà wọ̀ ọ́, ìwọ̀nba ènìyàn kéréje ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò. Ní gúúsù pátápátá, Matera wà, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé inú ihò àpáta pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn títí tí òfin 1952 fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde nítorí ìṣẹ́ àti àìsàn. Lónìí àwọn ihò náà ti di ilé àlejò, ìlú náà sì ṣe olú-ìlú àṣà fún Yúróòpù ní 2019.

Ọ̀RỌ̀ RÉLÙWÉÈ

Ẹ kò ní retí kí àwa kọ̀wé tán láìdárúkọ ọkọ̀ ojú irin. Láti Firenze dé Siena, bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: bí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ agbègbè yín bá jẹ́ ti ìwé, ẹ̀rọ kékeré kan wà ní sítéṣọ̀n tí ẹ gbọ́dọ̀ kì í bọ̀ kí ó lu òǹtẹ̀ sí i kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ sanwó, wọ́n lè bu owó ìtanràn fún un. Àwa tí a ń lu òǹtẹ̀ fún owó oṣù mọ ìdí rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní déètì, ènìyàn lè fi í rìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ojú irin kan wà láti Asciano dé Monte Antico, tí ó gba àárín àwọn òkè Val d'Orcia kọjá. Ní 1994 wọ́n dáwọ́ ọkọ̀ èrò ojoojúmọ́ dúró lórí rẹ̀ nítorí èrò kò pọ̀ mọ́. Wọn kò hú irin náà. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ àtijọ́ gbé àlejò gba orí rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ kan lọ́dún, nígbà mìíràn ọkọ̀ elééfín gan-an ni. Ní 2017 ìjọba Ítálì ṣe òfin láti dáàbò bo irú àwọn ojú irin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kà á, a rántí àwọn sítéṣọ̀n kéékèèké tiwa tí koríko ti bò, a sì dákẹ́.

ÌWÀ ÀLEJÒ

Inú wa dùn láti sọ pé àwọn ará oko Ítálì fẹ́ràn ìkíni. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù láìkí wọn, wọn a kà yín sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Buongiorno ni ti àárọ̀, buonasera ni ti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni, ẹ ní "Permesso?" Àgò gan-an nìyẹn. Onílé a ní "Avanti!", èyí sì ni àgò yà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tì ní ọ̀sán fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ má ṣe kan ilẹ̀kùn. Nínú ilé ìjọsìn, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ní ilé oúnjẹ, bí ẹ bá rí coperto nínú ìwé owó yín, kì í ṣe jìbìtì, owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni.

Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún àbẹ̀wò kì í kọjá ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90 láti oṣù Kẹfà 2024, ìwé adójútòfò ìlera tí ó tó yúrò 30,000 sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá fi mọ́tò gbé yín, kí ó ṣọ́ àmì ZTL ní ẹnu ìlú àtijọ́. Ibi tí mọ́tò àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ ni, ẹ̀rọ ayàwòrán ni ó ń mú ènìyàn níbẹ̀, ìwé ìtanràn a sì bá ènìyàn délé.

ÈYÍ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI PAMỌ́

Oko kan náà ní ojú méjì. Bí a bá sọ ti oúnjẹ tí a kò sì sọ ti èkejì, a kò ṣe ojúṣe wa sí àwọn tí ó ní ọmọ tí ń wá iṣẹ́.

Ní agbègbè Foggia ní gúúsù, pápá tòmátì lọ salalu. Láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń kó o lábẹ́ oòrùn. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé inú àtíbàbà pákó àti páànù tí kò ní omi. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní caporale, tí ó dà bí kọ́ńgílá, ni ó ń kó wọn lọ sóko, a sì gba owó ọkọ̀ àti owó omi nínú owó kékeré tí wọ́n rí. Ní oṣù Kẹjọ 2018, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ènìyàn 16 nínú irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ méjì ní agbègbè Foggia nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti oko. Òfin wà láti 2016 tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n jẹ irú kọ́ńgílá bẹ́ẹ̀ níyà àti ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin kan kì í dé gbogbo oko ní ọjọ́ kan.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá ọmọ yín pé òun yóò mú un lọ sí Ítálì fún ìsinmi, pé bí ó bá débẹ̀ yóò rí iṣẹ́ oko, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó ni oko náà, níbo ni ọmọ yóò sùn sí, ìwé ìṣẹ́ dà? Ìwé àbẹ̀wò kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ búra tàbí kí ó jẹ gbèsè kí ó tó lọ, ẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá àjọ NAPTIP tí ìjọba wa dá sílẹ̀ ní 2003 nítorí irú rẹ̀. Ẹ má ṣe tijú, nítorí ìtìjú ni wọ́n fi ń mú wa.

ÒRÙLÉ TIWA

A ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ òrùlé. Àwa náà jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ju ọkọ́ sílẹ̀ tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ilé tí a bí àwọn bàbá wa sí wà nílé lónìí, òmíràn ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù nínú rẹ̀, òmíràn àgádágodo ni ó ń ṣọ́ ọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé tí onílé yóò relé sí ńkọ́? Àwọn ará Ítálì tún tiwọn ṣe nígbà tí wọ́n rí i pé oko tí àwọn bàbá wọn sá fún lè bọ́ ọmọ. A kò ní kí gbogbo wa sọ ilé bàbá wa di ilé àlejò. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò lè tún ohun tí a kò mọ bí ó ti wà ṣe.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Nígbà ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ìwé pélébé kan wá, kí ó kọ nǹkan mẹ́rin sí i: ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà, ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò kó wọn pa mọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní mọ ìdáhùn sí ìkẹrin, ibẹ̀ gan-an ni kí a sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Bàbá àti Màmá wa lọ ire, kí wọ́n bọ̀ ire, kí wọ́n sì rántí kí tíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. A kí àwọn tí ó bímọ lóṣù yìí, a bá àwọn tí ó ṣòfò kẹ́dùn. Ó di oṣù tí ń bọ̀.

Akọ̀wé Rélùwéè yín